Ọmọ Ta Ló Ń Kàwé? Ìtàn Ilé-Ìwé Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ilẹ̀ Yorùbá

Ó gba ilẹ̀ Yorùbá ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ kí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó di ibi tí ọmọ mẹ̀kúnnù lè wọ̀ láìsan owó ilé-ìwé. Láti 1843, tí ilé-ìwé àkọ́kọ́ ṣí ní Àgbádárìgì, títí di 1955, tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, agbára òbí, ẹ̀sìn ilé, ìlú tí wọ́n bí ọmọ sí, àti bí ọmọ ṣe jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin, ló ń pinnu ẹni tó ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Nígbàkígbà tí ilẹ̀kùn náà bá sì tún ṣí sí i, igbe kan náà ló máa ń tẹ̀ lé e: wọ́n á ní ìmọ̀ àwọn ọmọ ti ń jó rẹ̀yìn. Ìtàn náà, bí wọ́n bá tò ó lẹ́sẹẹsẹ, fi hàn pé irú ọmọ tó wọlé kọ́ ló ń mú ìmọ̀ wálẹ̀. Olùkọ́ tí ọmọ bá níbẹ̀, ìwé tó rí kà, iye ẹni tó há mọ́ inú kíláàsì pẹ̀lú rẹ̀, àti èdè tí wọ́n fi ń là á lọ́yẹ, ni ọ̀rọ̀ náà dúró lé lórí.

Àwọn ọmọ àkọ́kọ́

Kí òyìnbó tó gbé ilé-ìwé dé, ọmọ Yorùbá ń kẹ́kọ̀ọ́ nílé àti lẹ́nu iṣẹ́. Àgbẹ̀ ń kọ́ ọmọ rẹ̀ lóko, alágbẹ̀dẹ ń gba ọmọ-iṣẹ́, babaláwo sì ń kọ́ ọmọ awo ní Ifá fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní àwọn ìlú tí ẹ̀sìn Ìsìláàmù ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, ilé-kéwú ti wà tipẹ́, níbi tí àwọn ọmọ ti ń fi wàláà kọ́ Kùránì lọ́dọ̀ áfáà.

Ilé-ìwé ti ìwé Gẹ̀ẹ́sì gba etíkun wọlé. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1842 ni Thomas Birch Freeman, míṣọ́nnárì ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e ni De Graft, igbákejì rẹ̀, àti ìyàwó rẹ̀ ṣí ilé-ìwé sí ìlú náà. Ní 1845, Gollmer, Henry Townsend àti Samuel Àjàyí Crowther ti ìjọ CMS (Church Missionary Society) dé síbẹ̀. Nígbà tó di 1846, Townsend àti Crowther kọjá sí Abẹ́òkúta, ilé-ìwé sì bá wọn débẹ̀.

Díẹ̀ ni àwọn ọmọ tó kún inú àwọn ilé-ìwé wọ̀nyí, orísun wọn sì hàn kedere. Ọmọ àwọn Sàró ló pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn òbí wọn ni àwọn tí ogun kó, tí wọ́n tà sókè òkun, tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lójú omi, tí wọ́n sì kó lọ sí Sàró, ìyẹn Sierra Leone, kí wọ́n tó padà wá sílé. Wọ́n ti rí ohun tí ìwé ń ṣe fún ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, wọn kò sì jáfara láti fi ọmọ wọn sílé-ìwé. Àwọn ọmọ mìíràn ń gbé nínú ilé míṣọ́nnárì fúnra rẹ̀, lára wọn ni àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lóko ẹrú. Baálé ilé tí kì í ṣe onígbàgbọ́ kò rí ìdí tí ọmọ tó lè ro oko yóò fi jókòó láti àárọ̀ di ọ̀sán, tí yóò máa wo pátákó. Bí ó bá tilẹ̀ gbà láti fi ọmọ sílẹ̀, ọmọ tí ilé kò gbójú lé ni yóò kọ́kọ́ yọ̀ǹda.

Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti fi ọkọ̀ ogun gba agbára ní Èkó ní 1851, àwọn ìjọ kó lọ síbẹ̀, Èkó sì di ìlú tí ilé-ìwé pọ̀ sí jù. Àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn ọmọ Yorùbá tó ti Bùràsíìlì bọ̀, jẹ́ Kátólíìkì. Nítorí èdè Potogí tí wọ́n gbé bọ̀, èdè náà ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbọ́ nínú ilé-ìwé ìjọ wọn. Ní oṣù kẹfà ọdún 1859, ọmọ 6 péré ni Thomas Babington Macaulay fi bẹ̀rẹ̀ CMS Grammar School, ilé-ìwé girama àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Nàìjíríà lónìí.

Ohun tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ kò pọ̀: ìwé kíkà, ìwé kíkọ, ìṣirò àti ẹ̀kọ́ ìsìn, pẹ̀lú aṣọ rírán fún àwọn ọmọbìnrin. Ní ilé-ìwé CMS, èdè Yorùbá ni àwọn ọmọ kọ́kọ́ fi ń mọ̀ọ́kà. Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń túmọ̀ Bíbélì, wọ́n sì ń ṣe ìwé àwọn ọmọdé jáde. Ní 1859, Townsend dá Ìwé Ìròyìn sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta, ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ lédè Yorùbá. Kò sí bí ẹnikẹ́ni yóò ṣe tẹ ìwé ìròyìn bí kò bá sí òǹkàwé, nítorí náà ó hàn pé láàárín ọdún díẹ̀, ilé-ìwé kékeré wọ̀nyẹn ti mú àwọn ènìyàn tó lè ka èdè wọn fúnra wọn jáde.

Ìdánwò tó ń mú owó wọlé

Títí di 1882, àwọn ìjọ ló ń ṣàkóso ilé-ìwé bó ṣe wù wọ́n. Ní ọdún náà ni ìjọba amúnisìn ṣe òfin ẹ̀kọ́ fún àwọn ilẹ̀ rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní 1887, nígbà tí wọ́n ti ya Èkó sọ́tọ̀ kúrò lára Gold Coast, wọ́n ṣe òfin tirẹ̀. Àwọn òfin yìí gbé ètò kan wọlé tí ó kan ìmọ̀ ọmọ ní tààràtà: iye ọmọ tó ń wá sílé-ìwé déédéé àti iye tó yege nínú ìdánwò ni ìjọba yóò fi díwọ̀n owó ìrànwọ́ tí ilé-ìwé yóò gbà.

Olùbẹ̀wò ilé-ìwé wá di ẹni ẹ̀rù. Ọjọ́ tó bá wọ ọgbà ilé-ìwé, gbogbo tíṣà mọ̀ pé owó-oṣù àwọn wà lẹ́nu àwọn ọmọ. Henry Carr, ọmọ Sàró tí wọ́n bí ní Èkó ní 1863, ló gbajúmọ̀ jù lọ nínú àwọn tó ṣe iṣẹ́ náà. Ó wọlé gẹ́gẹ́ bí igbákejì olùbẹ̀wò ní 1889, ó sì fi ọ̀pọ̀ ọdún jà fún kí ìjọba gba ẹ̀kọ́ sí ojúṣe tirẹ̀, kí wọ́n má kàn fi í sílẹ̀ fún àwọn ìjọ.

Ètò owó yìí ní àǹfààní. Ó jẹ́ kí ilé-ìwé máa kọ orúkọ ọmọ sílẹ̀ lójoojúmọ́, kí wọ́n sì bìkítà bí ọmọ kò bá wá. Àmọ́ ó ní ìpalára tirẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni òfin náà kà sí. Ìjọba kò ná owó lórí Yorùbá. Bí owó ti wà níbẹ̀, àwọn tíṣà ń mú kí ọmọ há ìwé Gẹ̀ẹ́sì sórí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, yálà ó yé e tàbí kò yé e. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ òbí ti ń fi bí ọmọ ṣe ń sọ Gẹ̀ẹ́sì díwọ̀n bó ṣe mọ̀wé tó.

Àwọn tí ilé-ìwé kò dé ọ̀dọ̀ wọn

Nítorí pé ilé-ìwé jẹ́ ti ìjọ, ẹ̀sìn ni odi àkọ́kọ́. Ní Èkó ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Mùsùlùmí pọ̀ ju Kìrìsìtẹ́nì lọ, síbẹ̀ ọmọ wọn kò tó nǹkan nínú ilé-ìwé. Ẹ̀rù àwọn òbí kò ṣàìní ìdí: ọmọ tó bá wọlé gẹ́gẹ́ bí Múráínà lè jáde pẹ̀lú orúkọ inú Bíbélì. Ìjọba Èkó gbìyànjú láti tún èyí ṣe. Ní àwọn ọdún tó kẹ́yìn ọ̀rúndún náà, wọ́n ṣí ilé-ìwé ìjọba fún ọmọ Mùsùlùmí ní Èkó, Ẹ̀pẹ́ àti Àgbádárìgì, níbi tí kéwú àti ìwé Gẹ̀ẹ́sì ti ń bára wọn rìn. Àwọn Mùsùlùmí fúnra wọn ló wá gbé iṣẹ́ náà dé ibi tó gbòòrò. Ní ọjọ́ 21 oṣù kejìlá ọdún 1923, àwọn ọ̀dọ́ kan dá ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen sílẹ̀ ní Èkó, kíkọ́ ilé-ìwé sì di olórí iṣẹ́ ẹgbẹ́ náà káàkiri ilẹ̀ Yorùbá.

Ibi tí wọ́n bí ọmọ sí ni odi kejì. Ìjẹ̀bú, tó ti ilẹ̀kùn mọ́ míṣọ́nnárì fún ìgbà pípẹ́, yí padà lẹ́yìn ogun Ìmàgbọ́n tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì bá a jà ní 1892, ó sì sáré wọ inú ìwé débi pé ó bá àwọn tó ti ṣíwájú rẹ̀. Ní Èkìtì, ilẹ̀ òkè tí ọjà òkè òkun kò tètè dé, àwọn ará ìlú dá owó jọ, wọ́n ru yẹ̀pẹ̀ àti igi, wọ́n kọ́ ilé-ìwé, wọ́n sì fi owó kòkó rán ọmọ. Ní àwọn abà àti ìlú kéékèèké tó jìnnà sí ọ̀nà mọ́tò, ọmọ lè dàgbà láìfojú kan tíṣà rí.

Odi kẹta ni ti ọmọbìnrin. Bí baba bá ní owó ọmọ kan ṣoṣo, ọkùnrin ló máa ń rán lọ, nítorí wọ́n ní ilé ọkọ ni ọmọbìnrin yóò gbé ìwé rẹ̀ lọ. Ọmọbìnrin sì wúlò fún ìyá rẹ̀ lọ́jà, ó ń kiri, ó ń tọ́jú àbúrò. Àwọn ìjọ ṣí ilé-ìwé ọmọbìnrin ní Èkó àti Abẹ́òkúta, àmọ́ ọmọ àwọn tó rí jájẹ ló pọ̀ nínú wọn.

Odi tó ga jù ni owó. Ọdún 8 ni ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ gbà nígbà náà: ọdún 2 ní Ìnfáńtì, 6 ní Sítáńdáàdì. Ọdọọdún ni òbí ń san owó ilé-ìwé, tó ń ra síléètì, ìwé àti aṣọ. Ọmọ púpọ̀ ń bẹ̀rẹ̀, díẹ̀ ló ń débi Sítáńdáàdì Kẹfà. Àwọn tó bá parí ń di akọ̀wé ìjọba, akọ̀wé ilé ìtajà òyìnbó, katikíìsì àti tíṣà. Wọ́n mọ̀wé lóòótọ́, ìlú sì ń bọ̀wọ̀ fún wọn. Àwọn ènìyàn wọ̀nyí ni àwọn àgbà yóò máa fi ṣe àpẹẹrẹ nígbà tí wọ́n bá ń sọ pé ẹ̀kọ́ ayé àtijọ́ dára ju ti ìsinsìnyí lọ, láìrántí pé nínú ọ̀pọ̀ ọmọ tó bá wọn bẹ̀rẹ̀, àwọn ló kù.

Ọdún 1955

Òfin ìpìlẹ̀ 1951 fún àwọn ẹkùn ní agbára lórí ẹ̀kọ́. Ẹgbẹ́ Action Group ti Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ gba ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, Stephen Olúwọlé Awókọ̀yà, tó ti jẹ́ ọ̀gá àkọ́kọ́ fún Molusi College ní Ìjẹ̀bú-Igbó, sì di mínísítà ètò ẹ̀kọ́. Ní oṣù keje ọdún 1952, ó gbé àbá lọ síwájú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin pé láti 1955, gbogbo ọmọ tó bá tó lọ ilé-ìwé yóò lọ láìsan owó.

Ìmúrasílẹ̀ náà lágbára. Ìjọba ṣí ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni púpọ̀ kíákíá, ó sì ní kí àwọn ìlú kọ́ kíláàsì. Ó tún gbé owó-orí àkànṣe lé àwọn ènìyàn lórí fún ẹ̀kọ́ àti ìlera. Owó-orí yìí bí ọ̀pọ̀ nínú, ó sì wà lára ohun tí ẹgbẹ́ NCNC fi borí Action Group ní Ìwọ̀-Oòrùn nínú ìdìbò àpapọ̀ 1954. Síbẹ̀ ìjọba kò yí ọ̀rọ̀ padà. Owó kòkó ràn án lọ́wọ́, ẹ̀kọ́ sì gba ìpín tó tóbi jù nínú ìnáwó ẹkùn náà.

Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955, ilẹ̀kùn ṣí. Ní 1954, nǹkan bí ọmọ 457,000 ló wà nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ẹkùn náà. Nígbà tí 1955 fi wọlé, wọ́n ti di nǹkan bí 811,000. Ní 1958, wọ́n ti kọjá mílíọ̀nù kan. Ọ̀pọ̀ ọmọ kò ní ìwé ọjọ́ ìbí, nítorí náà tíṣà ń ní kí ọmọ gbé ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá kó fi kan etí òsì. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá kàn án ti tó ilé-ìwé lọ, ẹni tí kò kàn án yóò padà sílé di ọdún tó ń bọ̀.

Àwọn tó wà nínú kíláàsì yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀. Ọmọ àgbẹ̀ abà ń jókòó ti ọmọ akọ̀wé. Ilé-ìwé tí ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ dá sílẹ̀ pọ̀ sí i, èyí tí kì í ṣe ti ìjọ kankan, ó sì fi ọkàn àwọn òbí Mùsùlùmí balẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ Mùsùlùmí náà rí owó ìjọba fún ilé-ìwé tiwọn. Ọmọbìnrin kò tíì tó ìdajì, àmọ́ wọ́n pọ̀ ju bí wọ́n ti ṣe rí láéláé lọ. Ẹkùn Ìlà-Oòrùn gbé irú ètò yìí kalẹ̀ ní 1957, ṣùgbọ́n láàárín ọdún kan owó tán, wọ́n sì dá owó ilé-ìwé padà fún ọ̀pọ̀ kíláàsì. Ní Ìwọ̀-Oòrùn, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ dúró.

Ìwé tí ọ̀pọ̀ ọmọ náà fi mọ̀ọ́kà ni Aláwìíyé, èyí tí J. F. Ọdúnjọ kọ, olùkọ́ tó tún di mínísítà nínú ìjọba Awólọ́wọ̀ fúnra rẹ̀. Ìwé náà lo ohun tí ọmọ mọ̀ nílé láti kọ́ ọ ní lẹ́tà àti ọ̀rọ̀, ó sì di ohun tí gbogbo ìran kan jùmọ̀ ní.

Igbe pé ìmọ̀ ti lọ sílẹ̀

Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ gé ọdún 8 kù sí 6. Ọmọ tó wọlé ní 1955 yóò ka ìwé mẹ́fà tán ní 1960. Kí ọdún náà tó parí, ẹ̀hónú ti gba ìlú. Àwọn ilé-ìwé girama ní àwọn tó ń wá kò mọ̀ọ́kọ bó ṣe yẹ. Àwọn agbanisíṣẹ́ ní Gẹ̀ẹ́sì wọn kò dán mọ́rán. Ní oṣù kejìlá ọdún 1960, ìjọba yan ìgbìmọ̀ kan lábẹ́ S. A. Bánjọ láti yẹ ètò náà wò.

Ìgbìmọ̀ Bánjọ gbà pé ìmọ̀ ti lọ sílẹ̀, ó sì sọ ìdí rẹ̀. Àkọ́kọ́ ni ti olùkọ́. Iye àwọn tó kọ́ṣẹ́ kò tó, nítorí náà àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé-ìwé láìkọ́ṣẹ́ olùkọ́ ni wọ́n kó sínú kíláàsì. Èkejì ni bí ọmọ ti pọ̀ lápọ̀jù fún àyè àti ìwé tó wà. Èyí fi hàn pé ètò tó gba ọmọ wọlé sáré ju ètò tó ń kọ́ olùkọ́ lọ.

Ìdí mìíràn wà nínú àfiwé náà fúnra rẹ̀. Àwọn tó ń fi ọmọ 1960 wé ọmọ 1940 ń fi gbogbo ọmọ ìlú wé ìwọ̀nba tí owó àti ìdánwò ti sẹ́, tí wọ́n sì fi ọdún 2 kàwé ju àwọn yìí lọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ 1960 ni ẹni àkọ́kọ́ nínú ìdílé tó mú gègé lọ́wọ́. Kò sí ẹni tó lè tọ́ wọn sọ́nà nílé lálẹ́, kò sì sí ìwé mìíràn nílé ju ti inú àpò wọn lọ. Pé wọ́n mọ̀ọ́kọ mọ̀ọ́kà rárá jẹ́ àṣeyọrí tí ìgbà tó ṣáájú kò fún àwọn ẹ̀gbọ́n wọn láǹfààní rẹ̀.

Àwọn tó fi ilé-ìwé sílẹ̀ láìparí náà pọ̀. Àkókò iṣẹ́ oko ń fa àwọn ọkùnrin lọ. Ọjà àti ìgbéyàwó ń fa àwọn obìnrin. Àwọn tó parí bá ìṣòro tiwọn pàdé: ìwé mẹ́fà kò mú iṣẹ́ ọ́fíìsì wá mọ́, nítorí àwọn tó ní i ti pọ̀. Ìjọba ti dá ilé-ìwé Módàn ọlọ́dún mẹ́ta sílẹ̀ fún àwọn tí kò lọ ilé-ìwé girama, ó sì tún dá oko àgbókojọ sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ tó kàwé, àmọ́ méjèèjì kò gba gbogbo wọn. Ní 1968, ìgbìmọ̀ mìíràn lábẹ́ C. O. Táíwò tún yẹ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wò ní Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn, ọ̀rọ̀ àwọn tó ń fi ilé-ìwé sílẹ̀ láìparí sì wà lára ohun tó bá nílẹ̀.

Ìwádìí Ifẹ̀ ní Modákẹ́kẹ́

Nínú gbogbo àríyànjiyàn yìí, ohun kan wà tí ẹnikẹ́ni kò tíì dán wò dáadáa: èdè. Nínú ilé-ìwé gbogbo, Yorùbá ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọ fún ọdún 3 àkọ́kọ́. Ní kíláàsì kẹrin, Gẹ̀ẹ́sì á gba ipò rẹ̀ nínú gbogbo ẹ̀kọ́. Ọmọ tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì nílé, tí olùkọ́ rẹ̀ pàápàá kò mọ̀ ọ́n dáadáa, yóò wá máa fi èdè náà kọ́ ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá ti Yunifásítì Ifẹ̀ gbà pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń sọnù.

Ní 1970, pẹ̀lú owó ìrànwọ́ láti ọ̀dọ̀ Ford Foundation, Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà ní St. Stephen's "A", ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Modákẹ́kẹ́. Ìlú tí àwọn tí ogun lé kúrò ní Ọ̀yọ́ tẹ̀ dó ni Modákẹ́kẹ́, iṣẹ́ oko ló sì gbajúmọ̀ níbẹ̀. Ilé-ìwé náà kì í ṣe ti àwọn olówó. Bí ilé-ìwé ìlú ṣe máa ń rí ni ó rí. Ìdí tí ìwádìí náà fi níyì nìyẹn.

Wọ́n pín àwọn ọmọ sí ọ̀nà méjì. Ní apá kan, Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ ẹ̀kọ́ kan láàárín àwọn yòókù, tí olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n dunjú ń kọ́ wọn. Ní apá kejì, wọ́n tẹ̀ lé ètò àtijọ́: Yorùbá fún ọdún 3, Gẹ̀ẹ́sì fún ọdún 3 tó kù. Ẹ̀kọ́ márùn-ún ni ètò náà kó jọ: Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ àwùjọ.

Iṣẹ́ tó ṣòro jù ni ti ìwé. Ní 1970, kò sí ìwé sáyẹ́ǹsì ti kíláàsì kẹfà lédè Yorùbá. Àwọn onímọ̀ Yunifásítì Ifẹ̀ àti àwọn olùkọ́ jókòó, wọ́n ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ fún ohun tí Yorùbá kò tíì ní orúkọ fún, wọ́n kọ ìwé fún ọmọ àti ìwé ìtọ́sọ́nà fún olùkọ́, wọ́n sì ń tún un ṣe bí wọ́n ti ń lò ó. Adébísí Afọláyan, onímọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì, wà lára àwọn tó darí iṣẹ́ náà, nítorí Gẹ̀ẹ́sì àwọn ọmọ náà ni ìlú yóò fi ṣe ìdájọ́ gbogbo rẹ̀. Ní 1973, wọ́n tan ètò náà dé àwọn ilé-ìwé mìíràn, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá yóò ṣiṣẹ́ níbi tí ojú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n kò sí nígbà gbogbo.

Àbájáde rẹ̀ ya àwọn tó ń bẹ̀rù lẹ́nu. Àwọn ọmọ tó fi Yorùbá kẹ́kọ̀ọ́ fún ọdún mẹ́fà ṣe dáadáa ju àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lọ nínú ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, ìmọ̀ àwùjọ àti Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì wọn kò sì rẹlẹ̀ sí ti àwọn tó fi í kọ́ gbogbo nǹkan; kàkà bẹ́ẹ̀, ó tún lé díẹ̀. Iṣẹ́ náà tẹ̀síwájú títí di 1978. Ní 1989, Fáfúnwá, Juliet Macauley àti J. A. Funnso Sókóyà kó ìròyìn rẹ̀ jọ sínú ìwé kan.

Èdè nìkan kọ́ ló ṣe iṣẹ́ náà. Ìwé tuntun wà, àwọn olùkọ́ gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́, olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì sì mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ohun tí ìwádìí náà fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé ọmọ mẹ̀kúnnù láti ilé-ìwé ìlú lè mọ ohunkóhun tí wọ́n bá kọ́ ọ, bí wọ́n bá fi ohun tó yé e kọ́ ọ tí wọ́n sì pèsè ohun tó yẹ.

Láti 1976 sí ìgbà tí àwọn olówó kó ọmọ kúrò

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1976, ìjọba ológun lábẹ́ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ sọ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ ní gbogbo Nàìjíríà. Ìlànà ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè tó jáde ní 1977 sì ní kí wọ́n fi èdè abínibí tàbí èdè àdúgbò kọ́ ọmọ ní ìbẹ̀rẹ̀, kí Gẹ̀ẹ́sì gba ipò lẹ́yìn náà. Ìlànà náà wà lórí ìwé, àmọ́ àwọn ìwé Yorùbá irú ti Modákẹ́kẹ́ kò dé ilé-ìwé gbogbo.

Ní 1979, ẹgbẹ́ UPN gba ìjọba ní Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Oǹdó àti Bẹ́ńdẹ́lì, wọ́n sì sọ ẹ̀kọ́ di ọ̀fẹ́ láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ dé òkè. Ní Èkó, ibi tí ọmọ ti pọ̀ ju kíláàsì lọ débi pé àwọn kan ń wá láàárọ̀, tí àwọn mìíràn ń wá lọ́sàn-án, Gómìnà Lateef Jákàńdè fòpin sí ìpín-ìpín yìí, ó sì kọ́ kíláàsì púpọ̀ ní kíákíá. Àwọn kan bẹnu àtẹ́ lu ilé náà pé kò lẹ́wà, ṣùgbọ́n gbogbo ọmọ wá ní ọjọ́ kíkún nílé-ìwé.

Nígbà tí owó epo já wálẹ̀ láàárín àwọn ọdún 1980, tí ètò àtúntò ọrọ̀ ajé sì wọlé ní 1986, ilé-ìwé ìjọba gbà á sára. Owó-oṣù àwọn olùkọ́ ń pẹ́ kó tó jáde, ìyanṣẹ́lódì ń ti ilé-ìwé pa, àjà ń jò, ìwé kò sí. Ìgbà yìí ni ìyípadà ńlá dé bá irú ọmọ tó ń lọ síbẹ̀. Àwọn òbí tí àwọn fúnra wọn jẹ́ ọmọ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ 1955, tí ìwé ti sọ di olùkọ́, nọ́ọ̀sì, agbẹjọ́rò àti oníṣòwò, kó ọmọ wọn lọ sí ilé-ìwé aládàáni. Lẹ́yìn wọn ni àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àti àwọn ìyálọ́jà, tí ilé-ìwé kéékèèké olówó pọ́ọ́kú ń ṣí sí àdúgbò wọn. Nígbà tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ka ilé-ìwé aládàáni tó wà níbẹ̀ ní 2010 sí 2011, wọ́n lé ní 12,000.

Àbájáde èyí ni pé ní àwọn ìlú ńlá, ilé-ìwé ìjọba padà di ti ẹni tí kò lágbára: ọmọ ẹni tó ń kiri ọjà, ọmọ ọ̀dọ̀, ọmọ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ìlú láti ẹkùn mìíràn, tí Yorùbá pàápàá lè jẹ́ èdè kejì fún. Bí èsì ìdánwò bá jáde tí ilé-ìwé aládàáni bá ṣíwájú, ọ̀pọ̀ ń kà á sí pé àwọn olùkọ́ ìjọba kò ṣiṣẹ́. Àṣìṣe àfiwé ti 1960 ló tún padà. Ilé-ìwé kan ń gba ọmọ tí òbí rẹ̀ mọ̀wé, tí wọ́n san owó fún, tó sì jẹun wá. Èkejì ń gba gbogbo ẹni tó bá wọlé. Èsì ìdánwò wọn kò lè sọ irú iṣẹ́ tí olùkọ́ kọ̀ọ̀kan ṣe, àyàfi bí wọ́n bá kọ́kọ́ béèrè ibi tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀.

Ọdún 1999 sí òde òní

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1999, Ọbásanjọ́, tó ti padà wá gẹ́gẹ́ bí ààrẹ alágbádá, kéde ètò ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ ní Sókótó. Òfin rẹ̀ jáde ní 2004: ọdún 9 ẹ̀kọ́, 6 ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti 3 àkọ́kọ́ ní girama, di ọ̀fẹ́ àti dandan, òbí tó bá kọ̀ láti rán ọmọ lọ sì rú òfin. Ìjọba àpapọ̀ ń dá owó sínú ètò náà, ìpínlẹ̀ tó bá fẹ́ gba ìpín tirẹ̀ sì gbọ́dọ̀ dá owó kún un. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọmọbìnrin àti ọmọkùnrin ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ẹ̀sìn kì í sì í ti ọmọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn mọ́. Nínú àwọn odi àtijọ́, owó ló kù. Kò dí ẹnu ọ̀nà mọ́, ó kàn ń pín àwọn ọmọ sí ilé-ìwé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ọ̀rọ̀ èdè kò tíì yanjú. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé kí wọ́n fi èdè abínibí kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ohun tí Modákẹ́kẹ́ ti ṣe ní 1970. Ní 2025, ìjọba àpapọ̀ fagi lé e, ó ní kí Gẹ̀ẹ́sì padà sípò. Ìlànà 2022 náà kò rí ohun tí ìwádìí Ifẹ̀ fi ṣàṣeyọrí: ìwé tí wọ́n kọ fún un, olùkọ́ tí wọ́n kọ́ fún un, àti àkókò tó tó láti dán an wò.

Láti Àgbádárìgì 1843 títí di òní, gbogbo ìgbà tí wọ́n ti pèsè fún ọmọ kí wọ́n tó pè é wọlé ni ìmọ̀ rẹ̀ ti ga, ìbáà jẹ́ ọmọ Sàró tàbí ọmọ àgbẹ̀ Modákẹ́kẹ́. Gbogbo ìgbà tí wọ́n pè é wọlé láìpèsè ni wọ́n ti rí èsì tí kò tẹ́ wọn lọ́rùn, tí wọ́n sì di ẹ̀bi rẹ̀ ru ọmọ. Iye olùkọ́ tó kọ́ṣẹ́, owó-oṣù tó jáde lásìkò, ìwé tó kárí, iye ọmọ tí olùkọ́ kan lè mójú tó, àti èdè tí ọmọ gbọ́ yé: àwọn ni ìjọba, ìjọ, ẹgbẹ́ àti ìlú yóò kọ́kọ́ wò nígbà tí ìdánwò bá jáde.